Titus Àpòmù àti Pọ́ǹpù Tó Gbọ́dọ̀ Ṣíwájú Àmín

Ní Àpòmù, bí wọ́n bá dárúkọ Titus Adépọ̀jù mẹkáníìkì, kí ẹnikẹ́ni tó ráyè sọ pé kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó kó àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ lọ sí Aṣejire láìwọ bàtà ni wọ́n máa ń rántí.

Ọdún 1987 ni. Afọláyan, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìkirè sí Ìbàdàn, ní ọkọ̀ Pijó kan. Titus yọ tọ́bò lára ọkọ̀ kan tí wọ́n ti pa tì, ó sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì Afọláyan. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí tọ́bò jẹ́, á ní, "Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí iná inú rẹ̀ lè ràn. Ọkọ̀ tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ á wá máa fò."

Nígbà tí ìjọ kan n'Íbàdàn fẹ́ ṣe ìkórè, Titus ní ọkọ̀ náà ni yóò gbé àwọn àgbà ìjọ Aládùúrà tiwọn lọ. Ó ti wọ́n omi àdúrà sí i lára. Bí àwọn àgbà ṣe dé pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, ó na ọwọ́ dá wọn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ bọ́ bàtà. A ti ya ọkọ̀ yìí sí mímọ́."

Bàbá Àlàbá, olórí wọn, wo bàtà rẹ̀, ó wo ọkọ̀. "Titus, ṣé ọkọ̀ ti di ilé àdúrà ni?"

"Ilé àdúrà tó ní táyà ni, bàbá."

Wọ́n bọ́ bàtà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù Titus bí wọ́n ṣe máa ń tò ó lọ́jọ́ ìsìn, Afọláyan ṣíná ọkọ̀, tọ́bò súfèé, gbogbo wọn ké Halelúyà, wọ́n sì lọ. Kò sẹ́ni tó rántí bàtà.

Ọkọ̀ náà sáré lóòótọ́. Ó ya tírélà sílẹ̀, ó ya bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjá odò Aṣejire tí wọ́n ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lódìkejì, Afọláyan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ fò síwájú, ó húkọ́, ó tún húkọ́, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀ ká tì í," Titus wí.

Ọ̀sán gangan ni, ọ̀dà títì sì ti gbóná. Àgbà tó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀ á yára gbé e, tó bá fi òsì kanlẹ̀ á yára gbé ìyẹn náà. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja létí ọ̀nà rí àwọn arúgbó aláṣọ funfun tí wọ́n ń fò sókè sódò lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé wọn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dá orin sí i.

Bàbá Àlàbá kò rẹ́rìn-ín. "Titus, ọkọ̀ rẹ yìí, ariwo ló ní, kò ní ẹ̀mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Titus lákínyẹmí ara. Ó bọ́ sí àárín títì, ó na ìka sókè. "Bàbá, kí ìkórè tiwa tó dé, ẹ̀yin náà yìí, nínú ọkọ̀ yìí kan náà, ẹ ó gun òkè yìí. Bó bá húkọ́ péré, màá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, màá sì padà sí oko kòkó bàbá mi ní Ìkòyí!"

Bí Titus ṣe fi ṣọ́ọ̀bù búra nìyẹn, láìbi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

Lẹ́nu àwọn èrò ọkọ̀ ni Ọmọ́wùmí, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ ọ. Ọmọ Ìkirè ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ìjọ Áńgílíkà. Dòdò Ìkirè ló ń dín, dòdò dúdú aláta tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ ṣe, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló sì ti ń tà á fún àwọn tó ń kọjá lọ. Ó mọ oko kòkó yẹn, ní Ìkòyí tó wà lẹ́bàá Àpòmù. Ta ni yóò ra dòdò níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ àbí ọ̀bọ?

"Bàbá Olúkẹ́mi, ẹ fi oúnjẹ wa búra?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo fi búra. Mi ò dárúkọ oúnjẹ."

"Ibo la ti ń rí oúnjẹ ọ̀hún?"

Titus rò ó díẹ̀. "O ò rí i, mi ò rò ó débẹ̀."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ á ti dé Ìbàdàn kí orí rẹ̀ tó kúrò ní Àpòmù. Ó sì gbà pé ọkọ̀ ń gbọ́ èdè. Nígbà kan, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi, ọ̀gá ilé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì, gbé ọkọ̀ tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ rí wá. Titus káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ tọrọ àforíjì, sà."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ ọkọ̀."

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan nítòsí. Ó tẹ̀ba mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Má bínú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè, sà. Ó ti ń darúgbó, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́."

Ọmọrogùn ìyàwó rẹ̀ ló fi ń yẹ àìsàn ọkọ̀ wò. Á fi ìdí rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, á fi etí sí orí rẹ̀, á máa mi orí. Tó bá gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́ tán, á nu ọmọrogùn, á dá a padà sí ìdí àdògán. Lọ́jọ́ tí ìyá Ọmọ́wùmí wá kí wọn láti Ìkirè tí wọ́n sì rokà gààrí fún un, ìyá náà tọ́ òkèlè kan wò, ó dúró. "Ọmọ mi, gààrí wo lẹ ń rà ní Àpòmù tó ń rùn bí gáréèjì?"

Ọmọrogùn yìí kan náà ni Titus fi kan ẹ̀gbẹ́ táǹkì ọkọ̀ Afọláyan lẹ́yìn ìbúra yẹn, níbi tí pọ́ǹpù tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì wà. Ó gbọ́ bí pọ́ǹpù náà ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sáré lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí iná.

"Mo ti rí i! Tọ́bò kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹwìrì ń fẹ́, èédú ni ò sí! Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i nínú ẹ́ńjìnnì, epo ò pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì tí ò ní tọ́bò ni pọ́ǹpù yẹn lè bọ́. Ebi ló pa ọkọ̀ náà ní Aṣejire."

"Ẹ wá pọ́ǹpù tó tóbi jù ú lọ, nígbà náà."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn," Titus wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ. Oríyìn ló ń retí.

Ọjà Gate n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Titus kì í sì í ra pọ́ǹpù láìdán an wò. Ó máa ń gbé bátìrì àti kẹ́ẹ̀gì kékeré kan dání. Á so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì, á jẹ́ kó máa fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Àdúrà Olúwa. "Kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ kún ká tó ṣe Àmín," lòfin rẹ̀. "Bí Àmín bá ṣíwájú, pọ́ǹpù ẹlẹ́ṣẹ̀ ni."

Ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tìmí, Aládùúrà bíi tirẹ̀, ló ti ra èyí àkọ́kọ́. Ó gbé e délé bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wo iṣẹ́ ìyanu, ó so bátìrì mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gba àdúrà náà, kẹ́ ẹ lè máa wo kẹ́ẹ̀gì," Ọmọ́wùmí wí.

Ó gbà á bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, geere, láìfa ọ̀rọ̀ kankan gùn. Ó ṣe Àmín. Epo inú kẹ́ẹ̀gì kò tíì dé ìdajì.

"Àdúrà tìẹ ti yá jù!"

"Bí wọ́n ṣe ń gbà á nílé wa nìyẹn. Báwo lẹ̀yin ṣe gbà á ní Gate?"

Titus họ orí. "Ẹ̀mí gbé wa díẹ̀, èmi àti Tìmí."

"Ṣé orin wà níbẹ̀?"

"Orin kékeré."

"Ìjó ńkọ́?"

Titus bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà kúrò lórí bátìrì.

Ìkórè ti ń sún mọ́lé. Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́wùmí pa iná dòdò, ó ró ìró tó dáa, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Gate. Tìmí gba pọ́ǹpù rẹ̀ padà pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n wá dé ṣọ́ọ̀bù Mọ́nsúrù, ẹni tó ní pọ́ǹpù ńlá kan tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi gan-an. Nígbà tí Mọ́nsúrù rí bátìrì tó sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbàdúrà, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ná, bàbá, mùsùlùmí ni mí o. Ẹ ò lè máa ṣe ìsìn lé ọjà mi lórí."

"Àdúrà kọ́, aago wa ni," Ọmọ́wùmí dá a lóhùn.

Mọ́nsúrù rò ó. "Ó dáa. Èmi náà á ka Fátíhà tèmi, ká mọ aago tó péye."

Titus tan pọ́ǹpù. Ọmọ́wùmí ń gba tirẹ̀, Mọ́nsúrù ń ka tirẹ̀, Titus sì di ọ̀pá rọ́bà tí epo ń gbà jáde mú, ó ń fún un lọ́rùn díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ní tọ́bò náà yóò fún un lọ́rùn bẹ́ẹ̀ lórí òkè. Síbẹ̀ epo ń tú jáde. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé Àmín, kẹ́ẹ̀gì kún, ó ṣàn lé ṣòkòtò Titus, ó sì ń kán sínú bàtà rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe Àmín pọ̀.

"Ẹ dín in kù fún mi," Titus wí lójú ẹsẹ̀. "Ó ti ba ṣòkòtò mi jẹ́."

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín. "Pọ́ǹpù tó ṣíwájú ẹ̀sìn méjì, iye ọ̀kan lẹ fẹ́ san?"

Titus de pọ́ǹpù náà mọ́ ọkọ̀ Afọláyan. Ó yọ wáyà tín-ín-rín tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, ó ní a kì í fún akọ ẹṣin ní koríko ewúrẹ́. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo. Ó ń tú u, ó tún ń dè é, Ọmọ́wùmí sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àwọn àgbà pé sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ló wọ bàtà. Bàbá Àlàbá wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Titus wò wọ́n lẹ́sẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn.

Ọmọ́wùmí ti ṣáájú wọn wọ ọkọ̀ lọ sí Aṣejire. Orí òkè gan-an ló dúró sí, pẹ̀lú igbá dòdò lórí, ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi odò. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìfé tọ́bò. Ọkọ̀ náà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó dé ibi tó ti húkọ́ ní ìjọ́sí. Ọmọ́wùmí pa ojú dé.

Ohun tó mọ̀ ni pé atẹ́gùn fẹ́ ìró ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ ti kọjá lára rẹ̀ fìì! Inú Afọláyan dùn débi pé kò rántí dúró, ó gbé àwọn àgbà lọ réré kí Bàbá Àlàbá tó rí i gbá léjìká. Wọ́n fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn wá síbi tí Ọmọ́wùmí wà, gbogbo wọn ń ho yèè. Titus já bọ́ sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Olúkẹ́mi! O rí i? Kò húkọ́!" Ó wá mú un lọ́wọ́. "Ká ní ó húkọ́ ńkọ́? Ṣé wàá bá mi lọ sí Ìkòyí?"

"Àwọn ìkòkò mi ti wà níbẹ̀ láti ìjẹta."

"Kí lo wí?"

"Mo ti kó wọn ránṣẹ́. Agbada tí mo fi dín dòdò yìí nìkan ló kù nílé. Ẹ ò rí i pé búrẹ́dì là ń jẹ?"

"Mo rò pé ààwẹ̀ la ń gbà ni!" Titus fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Àṣé o ò gbà mí gbọ́!"

"Ọkọ̀ ni mi ò gbà gbọ́, Bàbá Olúkẹ́mi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ibi tẹ́ ẹ bá wà ni mo máa gbé ìkòkò kaná."

Titus tún mú un lọ́wọ́, ó gba igbá dòdò lórí rẹ̀, ó sì rù ú dé inú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Afọláyan gbé ọkọ̀ wá pé kí àwọn lọ kó ìkòkò náà bọ̀. Titus kọ̀ jálẹ̀. "Ẹnu mi ló lé wọn lọ. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi dá wọn padà." Ó gba ọ̀nà Ìkòyí lọ.

Titus kú ní ọdún 1996, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Níbi ìsìnkú, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi ròyìn bí òun ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rín sọ, wọ́n lu agogo títí kí ṣọ́ọ̀ṣì tó pa rọ́rọ́. Ọmọ́wùmí náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún lójú rẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, kò sì tíì rí ẹni tó ń pa òun lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí àwọn èèyàn bá wá ra dòdò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òkè Aṣejire ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́, á sì sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá jókòó tó rántí ọkọ rẹ̀, ojú ọ̀nà Ìkòyí ló ti máa ń rí i: ọkùnrin gíga kan tó ru ìkòkò lé ìkòkò, èéfín dúdú ti kùn ún níwájú orí dé imú, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń dá wọn lóhùn, ó sì rọra ń gbé ẹsẹ̀ bọ̀, kí ọ̀kankan má baà fọ́.