Oògùn Tó Kù Sínú Páìpù

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo kàwé ẹ̀rọ, tí mo sì ń gbé ní Houston, á ti gbà pé ìdí epo rọ̀bì ni mo wà. Tèmi kọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn sí oko ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ìrẹsì àti oko òwú ti ń bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, tí gbogbo ayé bá ń rọ́ wọ ìlú lórí freeway, èmi á máa wakọ̀ láti Alief, àdúgbò wa, jáde lọ.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Táǹkì ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń po oògùn mọ́ omi sí. Pọ́ǹpù á fa omi oògùn yìí, á tì í gba inú rọ́bà àti páìpù lọ sí apá méjì gígùn tó nà sọ́tùn-ún àti sósì bí ìyẹ́ lékeléke. Abẹ́ apá yìí ni àwọn ẹnu kéékèèké wà tí oògùn ń gbà fọ́n sórí irúgbìn. Ọ̀nà tí omi náà ń gbà ni iṣẹ́ tèmi: ibi tí rọ́bà máa gbà, ibi tí fáàfù máa wà, bí gbogbo inú rẹ̀ ṣe máa ṣeé fọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní mọ́sáláṣí a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé plumber ni mí. Mi ò bínú. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, ṣì ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wa. Oko yẹn ni wọ́n fi rán mi níwèé. Tí mo bá wà nídìí páìpù, ó máa ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì kúrò lóko.

Ẹ̀sùn kan wà tó máa ń padà wá bá wa lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ á fi ẹ̀rọ wa fín oògùn tó ń pa koríko sínú àgbàdo. Á fọ̀ ọ́, á sì gbé e wọ oko òwú. Kò ní pẹ́ tí ewé òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń bu omi mu. Oògùn tí kò lè ṣe àgbàdo ní nǹkan kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti ba òwú jẹ́. Èsì kan náà ni ilé iṣẹ́ wa sì máa ń fún wọn: "Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa?"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi, òyìnbó kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, mú mi lọ sí oko ọ̀kan nínú àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn wá. Bàbá àgbàlagbà ni, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Òwú rẹ̀ ti ká lọ rẹrẹ títí dé ìdí igi lọ́ọ̀ọ́kán.

"Mo fọ̀ ọ́," ni bàbá náà wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Mo fọ̀ ọ́ títí tí omi tó ń jáde fi mọ́ bí èyí tí mò ń mu."

Ọ̀gá mi mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ àwáwí ọmọdé. Èmi rìn lọ sí ìpẹ̀kun apá ẹ̀rọ náà, mo mú sípánà, mo sì tú ìdérí tí a fi dí ẹnu páìpù níbẹ̀. Omi kan tó pọ́n bíi tíì tó ti ṣá dà sórí bàtà mi. Òórùn oògùn náà sọ sí mi nímú. Bàbá náà wo omi, ó sì wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ní ká tètè máa lọ kí ọ̀nà tó kún.

Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń dín dòdò lọ́wọ́, òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíṣìnnì, mo bá sọ ohun tí mo rí fún un.

"Dead leg nìyẹn," ló wí.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ òkú. Páìpù tó lọ síbì kan tó dúró síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá rí irú ẹ̀, wọ́n á gé e kúrò ni, torí ibẹ̀ ni páìpù ti máa ń jẹrà."

"Tiwa ò ṣeé gé. Apá gbọ́dọ̀ lópin."

Ó mú dòdò kan nínú abọ́. Ó gbóná mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń yí i kiri. "Apá lè lópin," ó ní, "omi ò gbọ́dọ̀ lópin. Jẹ́ kó dé ìparí kó sì yí padà wá sínú táǹkì."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi páìpù kejì sí apá náà, kí omi tó bá lọ lè rí ọ̀nà padà, kó máa yí po nígbà gbogbo láìdúró síbì kankan. Mo yọ rọ́bà kúrò níbi tí mo ti lè yọ ọ́, torí rọ́bà ń mu oògùn, ó sì máa ń bì í padà nígbà tó bá wù ú. Irin tí kì í dípẹtà ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo dín oríkèé páìpù kù, mo sì fi táǹkì kékeré kan sí i fún omi mímọ́ tí a ó fi fọ inú rẹ̀ lórí oko níbẹ̀. Ó gbà mí lákòókò. Àwọn àkọ́kọ́ tí mo ṣe jò. Nínú òmíràn, omi lágbára jù, ó já oríkèé kan, ó sì da omi bo gbogbo wa.

Nígbà tó wá tọ́, a po aró pupa sínú ẹ̀rọ àtijọ́ àti sínú tuntun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Tuntun náà kò pẹ́ tó fi ń da omi tó mọ́ gaara. Ti àtijọ́ mọ́ títí a fi rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n bí a ṣe gbọn apá rẹ̀ báyìí, pupa tún yọ. Àwọn tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi fi ọwọ́ lù mí léjìká, ó ní, "O ti yanjú rẹ̀." Mo tẹ ọkọ mi láago láti inú mọ́tò. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ló bà mí nínú jẹ́. Ọ̀gá mi ní páìpù tuntun náà máa wà lára gbogbo ẹ̀rọ tí a bá fẹ́ tà ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wa yọ̀. Ló bá fi kún un pé rọ́bà àti páìpù àtijọ́ tó kún ilé ìkẹ́rùsí wa kò ní ṣòfò, pé a máa tò wọ́n sára àwọn ẹ̀rọ tó ń lọ sókè òkun.

"Òkun wo?" ni mo bi í.

"Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà pé kò ní in.

"O mọ ohun tí páìpù yẹn ń ṣe," mo ní. "O dúró lórí oko bàbá yẹn pẹ̀lú mi."

"Àwọn ti ibẹ̀ kì í fẹ̀sùn kàn wá."

"Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti máa fi kàn wá ni."

Mo bẹ̀bẹ̀ pé, ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ kí n fi táàpù kékeré sí ìpẹ̀kun apá kọ̀ọ̀kan, kí àgbẹ̀ lè ṣí i da ìdọ̀tí nù. Ó ní wọ́n ti ta àwọn ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe wà. Mo ní kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára nígbà náà. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Tí a bá lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn," ó ní, "a ti sọ pé nǹkan ń ṣe é nìyẹn."

Nǹkan ń ṣe é. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ilé, ohùn wọn ń dún bí ti ọmọ tó gba aṣọ ọdún.

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ yín ti dé o!"

"Ẹ̀rọ wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àgbègbè wa. Wọ́n ní ẹgbẹ́ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfín-oògùn, àwọn tó ń tà á sì mú oríṣiríṣi wá síwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rí orúkọ ilé iṣẹ́ wa lára ọ̀kan, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Èyí ni ká mú. Àbúrò mi wà lára àwọn tó ń ṣe é." Ẹgbẹ́ sì mú un.

Mo ní kí wọ́n yí kámẹ́rà fóònù sí i. Mo rí rọ́bà dúdú, mo rí ìdérí ní ìpẹ̀kun apá. Páìpù àtijọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ẹ bá fi fín àgbàdo, ẹ má ṣe gbé e dé inú ẹ̀wà títí ẹ ó fi tú àwọn ìdérí yẹn, kí omi mímọ́ gba ibẹ̀ jáde."

"Ṣé nǹkan ń ṣe é ni?"

"Páìpù rẹ̀ ni kò dára tó."

"Ta ló ń ṣe páìpù?"

"Èmi ni."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́, wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnì kan tó fi fín àgbàdo rẹ̀ ń sáré kí òjò tó dé. Ó fọ táǹkì, ó jẹ́ kí omi gba inú páìpù títí tó fi mọ́, ó sì gbìyànjú láti tú ìdérí. Ìdérí ti há, ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọ oko ẹ̀wà ẹ̀gbọ́n mi, ó gba ibẹ̀ wọ ti àwọn tó múlé gbè wọ́n. Ewé ẹ̀wà ká, ó lọ́, kò sì so.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo nígbà tí wọ́n pè mí. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"O mọ̀," wọ́n ní, "o sì jẹ́ kí wọ́n gbé e wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún yín."

"Ìgbà tó ti dé lo sọ fún mi."

Ṣé kí n sọ pé mo bá ọ̀gá jà nínú ìpàdé, ní ìlú tí wọn ò dé rí, ní èdè tí wọn ò gbọ́? Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Ó ti tó," fóònù sì já.

Mo gbé àwòrán oko náà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti ilé, lọ bá ọ̀gá mi. Ó wò ó pẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ó ká a lára. Ó dá fóònù mi padà fún mi. "Ṣé wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa?" ló wí.

Mo kúrò níbẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ẹ̀rọ tuntun náà ń tà. Wọ́n pe ọ̀gá mi káàkiri pé kó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wọn ń gbọ́ igbe àgbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ni mo wà báyìí, ní apá Brays Oaks. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé páìpù náà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọkọ mi ṣe páìpù tí omi á gbà padà fún ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú gáréèjì wa. A gé páìpù, a tẹ̀ ẹ́, a fi táàpù sí ìpẹ̀kun méjèèjì, a sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kó ẹrù lọ sílé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi pé wọ́n ti tò ó, pé ó ṣiṣẹ́, pé ẹ̀wà ọdún yìí tutù yọ̀yọ̀. Ìyàwó wọn yìí náà ló sọ fún mi pé ẹgbẹ́ ti yọ ẹ̀gbọ́n mi nípò alága. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́n fi ẹ̀rọ ẹbí wọn ba oko àwọn jẹ́.

Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, mo pè láti kí ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó wọn ni wọ́n máa ń gbé fóònù fún tí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà mi. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ló gbé e. A kíra kú ọdún. Wọ́n béèrè ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní:

"Àwọn ẹ̀rọ yòókù tí wọ́n kó wá pẹ̀lú tiwa, tó lọ sí ìlú mìíràn, ta ló máa fi páìpù ránṣẹ́ sí wọn?"

Mo bi wọ́n bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n ní ó ń rọ̀.