Ilé Ìgbẹ̀bí Bàbá

Igbe ìyá mi ni mò ń gbọ́ látinú ilé ìgbẹ̀bí nígbà tí katapílà yọ láti ọ̀nà rélùwéè. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Èmi àti bàbá tó bí ìyá mi wà lẹ́yìn ilé, à ń fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ obì.

"Bàbá, wọ́n ti dé o!"

"Gbé àga mi tẹ̀ lé mi."

Láyé òyìnbó, obì tí Bàbá ń fi rélùwéè kó láti Ifọ̀ lọ sí Kánò ló sọ wọ́n di olówó. Ìyàwó wọn àkọ́fẹ́ ń rọbí, ó kú lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Bàbá bá fowó obì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tí wọ́n wọ ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n yọ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lẹ́nu títí ó fi fún Ifọ̀ ní agbẹ̀bí.

Nígbà tó fi máa di ìgbà tèmi, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń délé gbogbo, àwọn ará Èkó ti ń wá ilẹ̀ rà káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ìdílé tó fún Bàbá nílẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí lọ́jọ́un ti tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá jókòó síwájú katapílà. Mo dúró tì wọ́n.

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́ sà!" ọ̀kan nínú àwọn tó ta ilẹ̀ náà pariwo. "Ó ti pẹ́ tá a ti sọ fún yín."

"Mo gbọ́," Bàbá dáhùn. "Ọmọ mi ló ń rọbí níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó bí i ná."

"Ẹ gbé e lọ síbòmíì!"

Ìyá mi tún figbe ta. Ẹni tó ń wa katapílà wo fèrèsé, ó wo Bàbá, ó pa ẹ́ńjìnì.

"Èmi ò lè wó ilé lé aláboyún lórí." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn tó ta ilẹ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, kò dìde.

A wá ń retí. Ìyá mi ò pariwo mọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì bà mí lẹ́rù ju katapílà lọ. Ó tó ìgbà tí oòrùn kan àtàrí kí ọmọ tó ké, tí wọ́n sì ní ara ìyá mi le.

Katapílà padà lọ lọ́jọ́ náà láìwó nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́, mo bi Bàbá bóyá ẹ̀rù bà wọ́n.

"Ó bà mí gan-an. Orúnkún mi ń gbọ̀n, ni mo ṣe ní kó o gbé àga."

Wọ́n padà wó ilé náà lẹ́yìn tí Bàbá kú. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí, bóyá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n mi ò kì í dúró kí ẹ̀rù kọ́kọ́ tán kí n tó dìde.