Ìkíni Tó Wà Lábẹ́ Àdìrẹ

Sìdíkàt Láwàlì kò dé ilé ìwé gíga. Ìyá rẹ̀, Asiata, ń rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú, ohun kan ṣoṣo ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí aró: bí aṣọ kò bá mú aró, má bú aṣọ, lọ wo inú ìkòkò.

Ó gba ìwé ẹ̀rí ìtẹ̀wé, ó rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà sí ilé ìwé gírámà. Ní ọdún 1988, kọ̀ǹpútà dé síbẹ̀.

Àpótí kan ni, ó ga tó àyà ènìyàn, ó sì ní ojú mẹ́rin tó dà bí ojú tẹlifíṣọ̀n. Mẹ́ta wà ní yàrá tí Sìdíkàt ti ń ṣiṣẹ́. Ìkẹrin wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Ọ̀ṣunjìmí, nítorí kò yẹ kí ohun tuntun wọ iléeṣẹ́ kó má dé orí tábìlì ọ̀gá. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ni ọ̀gá fi àdìrẹ bò ó, kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ọwọ́ Asiata ló ti ra àdìrẹ náà. Láti ìgbà náà ni ojú ẹ̀rọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ kára: ìwé ìròyìn ń gbé orí rẹ̀, fìlà ọ̀gá ń gbé orí ìwé ìròyìn.

Ládépọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló wá tò ó. Ọ̀gá sọ fún un pé kí ẹ̀rọ máa kí òun láràárọ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń kí òun, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń kí òun. Kí ló dé tí ohun tí ìjọba fi owó gidi rà yóò kàn máa wo òun lójú? Ládépọ̀ ṣe é, ó sì padà sí Èkó.

Ní oṣù kìíní, ẹ̀rọ náà yára. Ní oṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Nígbà tó di oṣù kẹta, bí Sìdíkàt bá tẹ lẹ́tà kan, á lọ bu omi mu kí lẹ́tà náà tó jáde.

Ọ̀gá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Alàgbà Fásanmí ni alága, nítorí òun ló pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ: ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún tẹ̀wé. Ní ìjókòó kìíní, wọ́n ní ooru ni. Wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì gbé e sí yàrá tí ìgbìmọ̀ ti ń jókòó. Ní ìjókòó kejì, wọ́n ní eruku ni. Gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kò yára sí i. Ní ìjókòó kẹta, ohun kan ṣoṣo tó kù nínú yàrá tí wọn kò tíì fẹ̀sùn kàn ni Sìdíkàt.

Kúẹ́rì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Kó ṣàlàyé, kó tó di Ọjọ́bọ̀, ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí yàrá fáìlì ní Papalanto.

Papalanto kò burú. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, Sìdíkàt sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ju bí ó ti lè sọ fún ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló sọ kúẹ́rì náà fún.

"Ṣé o ti wo inú ìkòkò?" ni Asiata bi í.

"Màmá, ẹ̀rọ ni."

"Mo gbọ́. Ṣé o ti wo inú ẹ̀?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wò ó. Àṣẹ kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀, tí ẹ̀rọ á fi ka gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe àti ìwọ̀n ọpọlọ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ bu omi mu. Nígbà tó dé, ó rí i pé ètò tí ń ya ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ ń gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Pípín àwọn ọmọ sí ilé ìwé ń gba méjì. Méjì tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló ń lò ó láti fi béèrè.

Ó pa ojú ẹ̀rọ tó wà ní yàrá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ti orí èkejì wò ó. Iye náà kò yí padà. Ó wá ku ọ̀kan, èyí tó wà lábẹ́ àdìrẹ.

Lákòókò ìsinmi, ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣàpọ́n, ó pe Èkó.

"Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀, ìkíni ọ̀gá yẹn, báwo ló ṣe ń parí?"

"Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, wọ́n á fi dáhùn ni."

"Tí wọn ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Wọ́n kí àgbà, kó má dáhùn? Níbo nìyẹn ti ṣẹlẹ̀ rí?"

"Tó bá ṣẹlẹ̀."

"Á wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn. Á máa wò wọ́n lójú: ṣé wọ́n ti dáhùn, ṣé wọ́n ti dáhùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan."

"Tí ilẹ̀ bá mọ́?"

"Á tún kí wọn, ti àná á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. Àǹtí Sìdí, ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Háà."

"Iná ń lọ lójoojúmọ́ níbí. Ṣé kò yẹ kó ti gbàgbé ni?"

"Mo ní kó má gbàgbé. Ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

Ẹni tó bá pa ètò tí ń ya ohun tó ń hàn náà ti pa ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ti pa ìkíni ọ̀gá mọ́ ọn. Ọ̀nà tó kù ni pé kí ọ̀gá dáhùn. Lọ́jọ́rú, Sìdíkàt kọ ìdáhùn kúẹ́rì nígbà mẹ́rin, ó sì fà á ya nígbà mẹ́rin. Kò sí bí ó ṣe kọ ọ́ tí kò jọ pé ó ń bá àgbà wí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ìdáhùn rẹ dà?" ni Alàgbà Fásanmí wí.

"Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá, sà."

"Mi ò rí ìwé kankan."

"Abẹ́ aṣọ ló wà, sà. Ẹnì kan ló ti ń kí ọ̀gá láti ọjọ́ yìí. Àwa la ò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ọ̀gá gbé fìlà, ó gbé ìwé ìròyìn, ó ká àdìrẹ. Àwòrán Òkè Olúmọ yọ lójú ẹ̀rọ, ó rí tútù yọ̀yọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé: *Ẹ kú àárọ̀ o, Àkànní, ọmọ Ọ̀ṣunjìmí, ọkọ ìwé, ọkọ gègé.*

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Òo," ó ní. "O kú àárọ̀."

Ẹ̀rọ kò mira.

"Ó fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ dáhùn, sà."

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì. Olúmọ wọlẹ̀. Olúmọ tún yọ.

"Ó tún ń kí mi."

"Ti ọjọ́ kejì nìyẹn, sà. Ó ku márùndínláàádọ́rin."

Alàgbà Fásanmí súnmọ́ tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín tẹ díẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ́ Àkànní ni?"

Ọ̀gá dáhùn gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Alàgbà Fásanmí dúró tì í, ó ń kà á. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, orúkọ àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ ti ń pín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jáde tán.

Ìgbìmọ̀ kọ ìjábọ̀ ojú ìwé mọ́kànlá. Wọ́n ní aṣọ náà ló nípọn jù, kí wọ́n ra èyí tó fẹ́lẹ́. Wọn kò dárúkọ Sìdíkàt níbẹ̀. Wọn kò sì dárúkọ Papalanto mọ́. Wọ́n ra aṣọ tuntun náà lọ́wọ́ Asiata, kò sì dín kọ́bọ̀ kan fún wọn.

Ọ̀gá kò gbà kí wọ́n yọ ìkíni náà. Ṣùgbọ́n aago méje ààbọ̀ ni ẹ̀rọ ń kí i, aago mẹ́wàá ni òun ń dé. Nítorí náà ni ìwé àṣẹ fi jáde pé kí Sìdíkàt Láwàlì, òṣìṣẹ́ ìpele kẹrin, máa bá ọ̀gá dáhùn láràárọ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é, títí ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, á ká àdìrẹ, á jókòó sórí àga ọ̀gá. Ìwé àṣẹ kò sọ pé kó dúró. Olúmọ á yọ. *Ẹ kú àárọ̀ o, Àkànní, ọmọ Ọ̀ṣunjìmí.* Sìdíkàt á kà á títí dé òpin, á fara ti àga. Kì í kánjú. Bó bá tó àkókò lójú rẹ̀, á dáhùn.