Oògùn Inú Ẹ̀kọ

Nínú agbo ilé ọkọ mi ní Adó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ọ̀gá níbi ká rọ ọmọ. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sílé náà tí kò tíì dùbúlẹ̀ sórí itan rẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì sí ẹnu rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bu omi, á wá máa da ẹ̀kọ gbígbóná sínú ọwọ́ náà. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, á fún un nímú. Ọmọ á yanu kó lè mí, ẹ̀kọ á sì wọlé. Ó máa ń sọ pé òun kò tíì rí ọmọ tó gbọ́n ju imú ara rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ilé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ dára. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín kí n tó bímọ. Lójú rẹ̀, "Ìyá wa" ni mò ń pè é, "ẹ̀yin" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, n kò ní yọ ara mi lẹ́nu.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Bí a bá pè é, kì í wo ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ bí ewé gbígbẹ bá já lẹ́yìn ilé, á gbọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dùn ún débi pé á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa fi orí gbá ògiri. Òkúta wẹ́wẹ́ ló fẹ́ràn. Á tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ààrò, bí ẹnìkan bá sì fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan kúrò, ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Oúnjẹ méjì péré ló ń jẹ: iṣu sísun tí a họ títí kò fi ní dúdú kankan lára, àti ẹ̀kọ tútù, ẹ̀kọ obìnrin kan ṣoṣo ní Ọjà Ọba. Bí mo bá ra ti ẹlòmíràn, á fi imú kàn án, á gbé e sílẹ̀.

Iyán kò gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀. Bó bá ti rí i nínú ọbẹ̀, á bì. Ohun tó bí àwọn ará ilé nínú jù lọ nìyẹn. Pé kò sọ̀rọ̀, wọ́n fara mọ́ ọn. Wọ́n ní bàbá bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ rí iyán kó bì! Gbogbo ẹni tó bá yà kí wa ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa ń bi pé, "Ọmọ Èkìtì wo ni kì í jẹ uyán?" Lẹ́yìn náà á wo èmi. Nítorí pé Ìyìn ni wọ́n ti fẹ́ mi, ó ní ọmú Ìyìn ni ọmọ fà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Láti Ìyìn sí Adó kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ, iyán kan náà la sì ń gún.

Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà fún un. Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ tí kò jẹun, wọ́n sì jẹ iyán odó kan tán kí wọ́n tó dìde. Èyí tó sanra jù nínú wọn fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ààwẹ̀ ló kù kí n gbà.

Tíṣà ni ọkọ mi. Ó mọ orúkọ àwọn odò tó wà nílùú òyìnbó, ó lè fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lára àwòrán ilẹ̀ láìṣì. Kò mọ ẹ̀kọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Bí mo bá fẹ́ẹ́ sọ ọ́ fún un, á ní ọmọ á dàgbà kúrò níbẹ̀, á sì padà sídìí ìwé tó ń wò. Èmi tí mo ka ìwé ọdún mẹ́ta péré, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá pinnu pé aràn ló wà nínú ọmọ. Ó lọ sí ilé oògùn ìjọba. Ọkùnrin tó ń pín oògùn níbẹ̀ kò sọ pé kó gbé ọmọ wá kí òun wò ó. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó di ìyẹ̀fun kan sínú bébà fún un, ó pe ẹni tó kàn. Ìyẹ̀fun náà korò ju ewúro lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pò ó mọ́ omi, ó gbé ọmọ mi sórí itan, ó fún un nímú.

Ọmọ náà kò gbé e mì. Oògùn gba ibi èémí lọ. Ó húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi yí, ètè rẹ̀ sì dúdú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Nígbà tó gé obìnrin náà ní ìka jẹ ló tó tì í sí mi lọ́wọ́, ó ní olórí kunkun ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti ronú ọgbọ́n. Ó mú ẹ̀kọ kan nínú èyí tí mo rà, ó rọra tú ewé rẹ̀, ó fi igi ìgbálẹ̀ là á níkùn, ó da ìyẹ̀fun sínú rẹ̀, ó sì tún ewé náà pọ́n bí ẹni pé ọwọ́ kò kàn án rí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó dẹ tàkúté. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ni kó o gbé e fún un. Lọ́wọ́ rẹ ló ń gbà á."

Òótọ́ ni, lọ́wọ́ mi nìkan ló ń gbà á. Mo sì gbé e fún un.

Ó gé e jẹ. Ó dúró. Kò ké. Ó jẹ́ kí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì wo ewé náà títí. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ẹ̀kọ mọ́. Kò jẹ ti obìnrin Ọjà Ọba, kò jẹ ti ẹnikẹ́ni. Iṣu sísun pàápàá, àfi kí n gbé e sílẹ̀ kí n kúrò níbẹ̀ kó tó wá mú un.

Ìgbà náà ni iṣu ọdún tó kọjá ń tán lọ, tuntun kò sì tíì ta lóko. Èyí tó kù ti hù, omi ti kún inú rẹ̀, bí a bá sun ún á dúdú láàárín. Ọmọ mi á yẹ̀ ẹ́ wò, á gé ibi tó funfun jẹ bí ẹyẹ, á fi ìyókù sílẹ̀. Mo lè ka egungun ìhà rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí iṣu yìí bá tán kí tuntun tó dé, kò sí nǹkan kan tó kù láyé tí ọmọ náà yóò fi sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wo bó ṣe ń rù, ó ní aràn ló ń kú nínú rẹ̀, pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo ń kọjá níwájú ẹlẹ́kọ náà, mo sorí kọ́ kó má baà rí mi. Obìnrin Ìgèdè ni, arúgbó, ẹnu rẹ̀ mú. Ó pè mí.

"Ìyàwó Tíṣà, ta lo fi rọ́pò mi? Mo gbọ́ pé ẹ̀kọ mi ti kan lẹ́nu yín."

Omijé ló dá a lóhùn. Ó sún agbọ̀n rẹ̀, ó fà mí jókòó sẹ́yìn ibẹ̀, ó sì ń bi mí léèrè títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bínú fún. "Ẹ da oògùn sínú ẹ̀kọ tèmi?" Ìgbà tí ìyẹn rọlẹ̀ ló wá bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: ṣé ó máa ń gbóòórùn rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́? Bí ewé bá ya ńkọ́? Ṣé ariwo ń dùn ún? Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe bó bá dá wà? Mo sọ ti òkúta fún un. Ó mi orí.

Ó ní àbúrò òun ọkùnrin rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ lẹ́kọ nílé wọn títí ó fi kú sórí itan ẹni tó ń rọ ọ́, wọ́n sì ní ó wá láti lọ ni. Nígbà tí òun bímọ tí òun rí i pé ọmọ náà jọ àbúrò òun, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́. Ọmọ náà ló ń lọ àgbàdo fún òun báyìí, ó ti tó ọkùnrin.

"Gbé e wá bá mi nílé ní Ìgèdè," ló wí. "Má dúró de uṣu tuntun. Ẹnu rẹ̀ ló ń pa dé yẹn. Bó bá pẹ́, kò ní ṣí mọ́."

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n bi ẹ̀gbọ́n òun. Ọkùnrin tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sá fún ni o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, kí ni ayé máa wí bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ Tíṣà ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń wọ bàtà ni ẹlẹ́kọ náà, wọn ì bá gbà láìbèèrè ohun tó mọ̀. Nítorí náà mo ní mo fẹ́ lọ kí ìyá mi ní Ìyìn. Mo pọn ọmọ, mo di iṣu díẹ̀ sórí. Mo gba àárín Ìyìn kọjá láìyà, mo sì rìn dé Ìgèdè.

Arúgbó náà kò kí ọmọ mi, kò sì wo ojú rẹ̀. Kò gbé oúnjẹ kankan fún un. Ó ní kí n gbé e jókòó síbi tí wọ́n kó ewé ẹ̀kọ jọ sí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í to ewé: ńlá sọ́dọ̀ ńlá, kékeré sọ́dọ̀ kékeré. Bó ti ń tò ó ni obìnrin náà ń mú un láti orí, tó ń fi í pọ́n ẹ̀kọ, kò sì da èyí tó kù rú. Mo fẹ́ sọ fún ọmọ pé kó jẹun. Ó ní, "Bí o bá tún sọ 'jẹ ẹ́' létí rẹ̀, mo máa lé ọ padà s'Ádó. Wọ́n ti tàn án jẹ nínú oúnjẹ. Jẹ́ kó rí i láti ìdí rẹ̀."

Ojoojúmọ́ ló fi ń rí i: bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì, bó ṣe ń ki lórí iná, bí wọ́n ṣe ń bù ú sínú ewé. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti ìka bọ èyí tó ti tutù, ó nù ún sára ewé. Lọ́jọ́ kẹfà ó fi ìka náà kan ètè. Mo pàtẹ́wọ́. Arúgbó náà gbá mi lọ́wọ́, ó sì jàre, nítorí pé ọmọ náà di etí, kò sún mọ́ ìkòkò mọ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Mo fi ìwà òmùgọ̀ ara mi kún ti àwọn tí mo sá fún.

Iṣu tí mo gbé wá ku ẹyọ kan nígbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣa ewé kan, tó nà án sí obìnrin náà. Arúgbó náà bu ẹ̀kọ sí i, ó pọ́n ọn, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó dì, ọmọ mi tú u, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó dá a sí méjì, ó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ́. Mo kọjú sí ògiri kí n má baà tún ṣe nǹkan kan.

A pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Obìnrin náà ní nígbà tó jẹ́ pé ewé ni ọmọ gbà gbọ́, ẹ jẹ́ ká máa gba ọ̀dọ̀ ewé lọ. Ó lọ ẹ̀wà, ó pọ́n ọn ní ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú ewé kan náà, láìsí epo, ó sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ lójoojúmọ́ láìsọ nǹkan. Kí a tó lọ, ó ti ń jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀.

Nígbà tí a dé Adó tí wọ́n rí i tó ń jẹun, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo ní aràn ni." Ní ọjọ́ Àìkú, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe fi ọgbọ́n fún òun láti da oògùn sínú ẹ̀kọ. Ìjọ ṣe àmín. Ọkọ mi ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn abiyamọ yí i ká, wọ́n ń bi í bí ìyẹ̀fun náà ṣe ń pọ̀ tó.

A dé ilé, ó tún mú bébà mìíràn jáde. Ó ní ó ku aràn tí kò jẹ́ kó jẹ uyán. Ó ti tú ewé, ó ti da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀kọ, ó sì nà án sí mi níwájú gbogbo ilé àti àwọn àlejò tó tẹ̀ lé e láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gbà á. Mo wá kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún un.

"Ìyá wa," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Bó bá dùn, mo máa gbé e fún un."

Àwọn abiyamọ ń wò ó, kò sì lè kọ̀ ọ́ lójú wọn. Ó gé e jẹ. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe fún pọ̀, bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe kọ̀ ọ́. Ó dìde, ó lọ tutọ́ sẹ́yìn ògiri, a sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń bì. Ọkọ mi ní mo ti dójú ti àgbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, àǹfààní tí mo rí gbà nílé ọkọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún fi ọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ mi. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ọ̀ọ̀lẹ̀, iṣu, àti ẹ̀pà láìpẹ́ yìí. Kò tíì pè mí ní ìyá. Méjì nínú àwọn obìnrin tó ṣe àmín lọ́jọ́ náà ti gbé ọmọ tí kì í jẹun wá bá mi. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi má baà rí wọn, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo júwe ilé ẹlẹ́kọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnu àwọn ọmọ náà tó pa dé.