Ọwọ́ Òsì Àbẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Bosnia

Ìbọ̀sẹ̀ ni Màámi fi sìn wá jáde nílé. A ti kírun àsùbáà tán, mo ti kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀, kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà lẹ́yìn, pásípọ́ọ̀tù wà lápò. Màámi, ìyá tó bí mi, jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó fa Àbẹ̀kẹ́ mọ́ra, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ funfun kan bo ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, òun ló fi ń yàwòrán, òun náà ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni Màámi, alhaja sì ni, ọ̀dọ̀ wa nílùú òyìnbó ló ń gbé báyìí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí kò jẹ́ kó sùn.

"Mufu, ẹ má jẹ́ kó bọ́ ọ o," ni Màámi wí fún mi. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kí ẹ tó dé, á ti mọ́ ọn lára."

Mo ní, "A ti gbọ́, Màámi." Mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyàwó mi, Ṣẹ̀rífátù, ni kò gbà. Nọ́ọ̀sì ni, kì í pariwo, àmọ́ tó bá ti pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà, o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní nọ́sìrì tí Àbẹ̀kẹ́ ń lọ ní Becontree Heath, tíṣà ti pè wá. Ọmọ tó máa ń yàwòrán láti àárọ̀ títí wọ́n á fi lọ mú un kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́ láti bí oṣù méjì, láti ìgbà tí a ti ń bá a wí lórí ọwọ́ òsì. Tí wọ́n bá gbé bébà síwájú rẹ̀, á jókòó lé ọwọ́ òsì rẹ̀, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni yóò wọ ilé ìwé gidi. Ìyàwó mi ní àwa la ba ọmọ náà nínú jẹ́. Èmi ní yóò gbàgbé. Ìjà tí a gbé sọdá òkun nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé awakọ̀ ni mí. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni mo ń wà ní Barking, ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Nítorí náà, nígbà tí Amra, tí òun àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́, ní ká wá kí bàbá òun ní Bosnia, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ká wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo ní láéláé. Ọkọ̀ tèmi ni màá wà débẹ̀. Amra wọkọ̀ òfuurufú ṣáájú wa.

A gba ọ̀nà A13 jáde ní Dagenham nígbà tí ojú ọ̀nà ṣì dá. Ní Folkestone, ọkọ̀ ojú irin gbé wa pẹ̀lú mọ́tò wa gba abẹ́ òkun kọjá, ìṣẹ́jú márùndínlógójì péré. Bí a ṣe bọ́ sí ilẹ̀ Faransé ni ayé yí padà, torí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀, òsì sì ni tiwa. Ìyàwó mi lẹ bébà pupa rẹ́súrẹ́sú kan mọ́ iwájú mi, ó kọ ỌWỌ́ Ọ̀TÚN sí i gàdàgbà. Mo rẹ́rìn-ín. Ó tún fún Àbẹ̀kẹ́ níṣẹ́: ìgbàkígbà tí mo bá ti ṣáná sí ọkọ̀, kó rán mi létí. Àbẹ̀kẹ́ bi í pé èwo ni ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀."

"Daddy, ọwọ́ tí kò wọ socks!" Bó ṣe ń kígbe nìyẹn la ilẹ̀ Belgium àti Jámánì já. Orí fọ́ mi títí ó fi mọ́ mi lára.

A sùn ní ilé ìtura kan ní Jámánì, a gba Austria kọjá lọ́jọ́ kejì. Kó o tó gun ọ̀nà márosẹ̀ wọn, o gbọ́dọ̀ ra vinjeta, ìyẹn ẹ̀rí pé o ti sanwó ọ̀nà. Ti Slovenia fún ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ yúrò mẹ́rìndínlógún. Ilé ìtọ̀ ojú ọ̀nà pàápàá ń gbowó, o sọ owó sí ẹnu ẹ̀rọ kó tó ṣílẹ̀kùn fún ọ. Àbẹ̀kẹ́ tọ̀ nígbà mẹ́fà ní Austria. Mo rántí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn nígbà tí mo wà léwe, tí ìyá mi kàn máa ń ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, tí igbó kì í sì bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, àwọn òkè wọn ga. Òkè Ìdànrè ni mo ti ń pè ní ọba òkè tẹ́lẹ̀. Mo dákẹ́ nígbà tí mo rí èyí tí yìnyín wà lórí rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.

Ní Slovenia, ìyàwó mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ní Croatia, nígbà tí a dúró gba tíkẹ́ẹ̀tì owó ọ̀nà, mo tún wọ̀ ọ́ fún un. Àbẹ̀kẹ́ ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹta la wọ Bosnia. Odò kan ni ibodè, ọlọ́pàá wo pásípọ́ọ̀tù wa, ó wo Àbẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká máa lọ. Owó wọn ń jẹ́ marka, méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúrò kan. A dúró jẹ burek, ìyẹn ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká mọ́ ẹran lílọ̀, tí wọ́n sì yan. Marka márùn-ún ni abọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ tán. Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ìpè ìrun láti orí mọ́sálásí kan nísàlẹ̀ òkè. Mi ò lérò pé irú ohùn yẹn lè bá mi láàárín Yúróòpù. Ara mi wálẹ̀.

Ilé bàbá Amra wà lábúlé kan tí igi púlọ́ọ̀mù, tí èso rẹ̀ jọ ìyeyè, yí ká. Àgbà ni bàbá náà, irun rẹ̀ funfun báláú. "Babo" ni Amra ń pè é, kò jìnnà sí tiwa. Bàtà la kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé. Wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé kọfí wá nínú džezva, ìkòkò bàbà kékeré tó ní ọwọ́ gígùn, lẹ́yìn náà oúnjẹ dé. Ebi ti pa Àbẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kó lè fọwọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ òsì ti dénú abọ́, níwájú àgbàlagbà tó gbà wá lálejò.

Mo gbá ọwọ́ náà mú. "Àbẹ̀kẹ́! Ọ̀tún!"

Ó ju oúnjẹ sílẹ̀, ó sì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní ẹran, wọ́n fún un ní ṣúgà, kò jẹ nǹkan kan. Bàbá Amra béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Amra sì ṣàlàyé fún un. Bàbá náà fèsì, Amra sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

"Ó ní àwọn náà, ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun. Ó ní ẹ̀yin ò jẹ̀bi. Àmọ́ ó ní ebi ń pa ọmọ yẹn."

Ojú tì mí. Àbẹ̀kẹ́ sùn láìjẹun ní ilé tí wọ́n ti se oúnjẹ èèyàn mẹ́wàá kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta nìkan gbéra lọ sí Mostar láti lọ wo ìlú. Ọ̀nà náà ń tọ etí odò lọ láàárín òkè méjì, omi rẹ̀ dúdú bí ewé. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́ kí a tó kúrò. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n wọ̀ ọ́ fún un, àmọ́ agídí ń mú mi. A dúró ní ilé epo kékeré kan, mo rọ epo sọ́kọ̀, mo ra omi. Oòrùn ti mú kí bébà tí ìyàwó mi lẹ̀ bọ́ sílẹ̀, mi ò sì kíyè sí i. Ojú ọ̀nà dá, kò sí ọkọ̀ kankan tí màá wò ṣe. Mo jáde, mo yà sí apá òsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ó dà bíi pé mo ti délé.

"Daddy! Ọwọ́ socks nìyẹn! Daddy, ọwọ́ socks!"

Mo tẹ bíréèkì, mo sì wọ́ ọkọ̀ padà sí ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni tírélà kan tó kó pákó yọ láti kọ́nà, ó fọn fèrè títí, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì dúró níwájú. Mo páàkì. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, mi ò ní sí níbí tí mo ti ń kọ èyí.

Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin gìrìpá ni. Mo ní ó di dandan kí n gba ìfọ́tí, ó sì tọ́ sí mi. Ó wo nọ́ńbà ọkọ̀ wa, ó wo ibi tí mo jókòó sí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn. Ó fọwọ́ lu afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Polako," ni ó wí, "polako." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò jù nílẹ̀ yẹn ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wá mú èso púlọ́ọ̀mù kan lápò, ó nà án sí Àbẹ̀kẹ́ láti ojú fèrèsé.

Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ tó yá a jù lọ, èyí tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Èso náà yọ̀ bọ́rọ́ láàárín òwú, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Ó wò mí. Kò sunkún. Ó ní, "Sorry, Daddy."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí wa là ló ń bẹ̀ mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sápò. Awakọ̀ náà mú púlọ́ọ̀mù mìíràn wá. Àbẹ̀kẹ́ tún wò mí. Mo ní, "Gbà á." Ó fi òsì gbà á, ó sì bù ú jẹ.

Nígbà tí tírélà ti lọ, ìyàwó mi ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ọdún mélòó lẹ ti ń wakọ̀ lápá òsì?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó tẹ́ ẹ ti yí i padà?"

"Mẹ́rin." Ìyàwó mi mú bébà tó bọ́, ó fitọ́ lẹ̀ ẹ́ padà.

Èmi àgbàlagbà, tí wọ́n ń sanwó fún láti wakọ̀, tí a kọ ọ̀nà síwájú mi, tí ọmọ ń ké sí mi létí, ọwọ́ mi ṣì padà síbi tó mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo wá ní kó yí tirẹ̀ padà láàárín ìrìn àjò kan.

Mostar dára. Afárá òkúta kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń bẹ́ láti orí rẹ̀ sódò, àmọ́ wọn á kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran kí wọ́n tó bẹ́. Mo ní irú iṣẹ́ yìí, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n lẹ́bàá odò Thames. Ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ bàbà kan, a ra džezva kan fún Màámi, ọgbọ̀n marka, lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti ná an bí ẹni tó wà ní ọjà East Street. Wọ́n fi bébà pípọ́n wé e. A jókòó mu kọfí ní marka méjì. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Àbẹ̀kẹ́ ti tú bébà náà, ó ti yá báírò ìyá rẹ̀, ó ń yàwòrán. Tírélà ni, táyà rẹ̀ pọ̀ ju ogún lọ. Ìyàwó mi fọwọ́ bo ẹnu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. A ò sọ̀rọ̀, kí ọmọ má baà dáwọ́ dúró.

A padà sábúlé, a tún sun oorun méjì lọ́dọ̀ bàbá Amra, Àbẹ̀kẹ́ sì jẹun bí ẹni gbààwẹ̀. Ìrìn àbọ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Ọ̀nà kan náà ni, owó kan náà, ìtọ̀ kan náà.

Ọ̀sán Sátidé la wọ Dagenham. Àwọn ilé àdúgbò wa jọra bí ìbejì, àwọ̀ ilẹ̀kùn nìkan ló yàtọ̀. Mo rọra ń lọ, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀. Mo bi í pé, "Àbẹ̀kẹ́, èwo ni ilé wa?"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ìka rẹ̀ ń ṣe kámikàmì láti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn. Ó wò mí nínú dígí. Mo ní, "Fi èyí tó mọ̀ ọ́n." Ó gbé òsì sókè, ó sì nà án tààrà sí ilẹ̀kùn pupa.

"That one! Ilé Daddy mi!"

Màámi sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà gan-an, ó ń wò wá.

"Mufu," ni ó wí, kí a tó kí i dáadáa. "Ṣé o rí ohun tí ọmọ rẹ ṣe?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. "Mo rí i, Màámi. Ilé wa ló júwe, kò sì ṣì í."

Mo jókòó tì í ní pálọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí oúnjẹ tí ọmọ kò jẹ dórí tírélà, dórí èso tó bọ́ sílẹ̀. Tẹ̀súbáà rẹ̀ dúró lójú kan.

"Alhamdulillahi. Kó máa fi yàwòrán, mo gbà. Àmọ́ tó bá ń fún àgbà ní nǹkan ńkọ́?"

Àbẹ̀kẹ́ ti gbé džezva dé. Òsì ló fi gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó wo ojú Màámi, ó wá fi ọ̀tún kún un. Màámi na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra pẹ̀lú ìkòkò.

Mo yọ ìbọ̀sẹ̀ náà lápò. Mo wá èkejì rẹ̀ rí nínú dúrọ́ọ̀, mo sì wọ méjèèjì fún Àbẹ̀kẹ́ sí ẹsẹ̀.