Òtútù Kánádà ní Sábó

Bí fóònù àǹtí mi bá ti dún, á sáré ti gbogbo wíńdò, á ní kí n pa jẹnẹrétọ̀. Á wá máa sọ fún ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé, "Òtútù Kánádà yìí mà le o," òógùn á sì bò ó nínú yàrá wa ní Sábó.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti gbàdúrà ìdágbére fún un, wọ́n sì ti sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò dá a padà, torí káàdì tó fi ń gbé lọ́hùn-ún ti kọjá ọjọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn."

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

Nígbà tí ẹ́ḿbásì wá fún un níwèé tó lè fi padà, èmi nìkan ló sìn ín. Àwọn yòókù ti kí i pé ó dàbọ̀ tipẹ́.