Orí Ẹ̀rọ Tí Iná Gbé Dúró

Àǹtí Rọra ni wọ́n ń pè é ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ náà, nítorí kò sí iṣẹ́ tó lè rán ènìyàn tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé kí ó rọra. Àtúnṣe ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sáré kì í bà á lẹ́rù. Èyí tó ń sáré ti sọ ohun tó ń ṣe fún ọ. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ ló ń bà á lẹ́rù.

"Ẹ̀rọ tó dúró lè máà sùn," ni ó máa ń wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀, ẹnì kan á ní, "Ẹ dákẹ́ o, ẹ má jí ọmọ Àǹtí."

Òun ló mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, wọ ibi iṣẹ́ náà. Ìyá wọn kò fẹ́. Ó ní, "Ìwọ lo mú un lọ o. Bó ṣe lọ ni kí o ṣe mú un bọ̀." Láràárọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá Àǹtí Rọra jáde nílé.

Ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ ọṣẹ ni wọ́n fi àbúrò sí. Ọṣẹ á wọ inú ihò, orí irin tó wúwo ju ènìyàn lọ á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ àmì sí i lára, á tún gòkè. Mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní sáfò ló ń gbé orí náà lọ sókè sódò.

"Ṣebí bíi mọ́tò fáànù ni?" àbúrò bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Mọ́tò fáànù ò mọ ibi tó wà. Ó kàn ń yí ni. Na ọwọ́ ẹ síwájú. Di ojú ẹ. Má jẹ́ kó wálẹ̀." Ó tẹ ọwọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀, àbúrò sì tì í padà sókè. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti lọ sílẹ̀? O ò kúkú ríran."

"Mo mọ̀ ọ́n lára ni."

"Ohun tí sáfò ń ṣe nìyẹn. Ojú kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń ka bó ṣe ń yí, tó ń sọ fún àpótí ara ògiri yẹn pé, ibi tí mo dé rèé. Àpótí á ní, ṣé ibi tí mo rán ẹ nìyẹn? Bó bá kù díẹ̀, á tì í síwájú. Bó bá kọjá, á fà á padà. Kódà bó bá dúró, wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ ọ́. Wọn kì í sinmi."

"Bíi tọkọtaya."

"Tọkọtaya máa ń sùn."

Ó sọ fún un pé kékeré rẹ̀ ló ń yí ìrù ọkọ̀ òfurufú tí ọmọdé fi ń ṣeré. Pé ńlá rẹ̀ ló ń gbé apá irin tó ń jó ọkọ̀ pọ̀, pé òun ló ń dé ìgò omi, ló sì ń yí pátákó agbára oòrùn kí ó lè máa kọjú sí oòrùn. Níbikíbi tí ènìyàn bá ti fẹ́ kí irin dé ojú àmì kí ó sì dúró síbẹ̀, sáfò kò ní jìnnà.

"Bí iná bá wá lọ ńkọ́?"

"Kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Bíréèkì ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa di orí yẹn mú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí Rọra dé, ó rí i pé orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè lánàá nígbà tí wọ́n pa iná ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn sáfò ti jẹ tán, kò di nǹkan mú mọ́. Ó lọ bá alábòójútó wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kò-sáyè.

"Ẹ jẹ́ ká dá a dúró, kí n pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀."

"Àǹtí, kò sáyè. Wọ́n ń bọ̀ wá kó ọṣẹ lọ́sàn-án. Iná ṣáà wà, iná ló gbé e dúró. Ẹ jẹ́ ká parí èyí ná."

Ó gbà. Ó kìlọ̀ fún àbúrò pé kò gbọ́dọ̀ kiwọ́ bọ inú ẹ̀rọ náà, ó sì lọ wá bíréèkì tuntun. Kò-sáyè ti fi rọ́bà de ahọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó ní ṣíṣí àti títì ń jẹ àkókò.

Nígbà tí Àǹtí Rọra padà dé, àbúrò ti dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọṣẹ kan ló há, ó fẹ́ ha á kúrò. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ dé ìgúnpá. Orí irin wà lókè rẹ̀ gan-an. Sáfò ń kùn wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọn. Àbúrò ń fa apá rẹ̀, apá kò jáde. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti ń lọ sí bọ́tìnnì pupa.

Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wọn nìyẹn: bí ewu bá dé, tẹ pupa. Pupa á gba iná lọ́wọ́ sáfò, bíréèkì tó ti jẹ kò sì ní di nǹkan kan mú.

Kò pariwo. Ẹni tí wọ́n bá já láyà, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń gbá mú. Ó rìn lọ bá a, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo bọ́tìnnì náà.

"Àǹtí, ìbọ̀wọ́ mi ló há mọ́ irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Fi ọwọ́ òsì di ẹ̀wù mi mú. Dì í dáadáa."

"Kí ló dé tí ẹ ò pa á?"

"Mò ń bọ̀ wá pa á."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀. Kò-sáyè ti rí apá tó wà nínú ẹ̀rọ, ó ń sáré lọ síbi bọ́tìnnì iná ńlá lára ògiri. Àánú ló ń lé e.

"Bí o bá pa iná yẹn, o ti gé apá ọmọ ìyá mi."

Àǹtí Rọra kò pè é ní "o" rí. Kò-sáyè dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára bọ́tìnnì náà, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì mú un kúrò.

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Àwọn igi tí ẹ fi ń tẹ́ abẹ́ páálí. Kó wọn wá."

Bí ó ti ń kó wọn bọ̀ ni iná ṣẹ́jú. Gílóòbù pọ́n, fáànù falẹ̀, ìkùn sáfò yí padà. Iná padà.

"Àǹtí," àbúrò ní, ohùn rẹ̀ ti kéré, "ṣé iná ló gbé e dúró?"

"Òun ni."

"Ẹ má fi mí sílẹ̀."

Àǹtí Rọra to igi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí ó fi ku àlàfo díẹ̀ kó kan orí irin. Kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á dúró. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ki apá tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́ títí ó fi kan ìka àbúrò. Ìka náà tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gé ìbọ̀wọ́. Ó nípọn, àlùmọ́gàjí kò mú. Ó ń gé e, ó ń fetí sí ẹ̀fọn òkè yẹn, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú pé kó má dákẹ́.

Apá jáde. Méjèèjì.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ pa á."

Kò-sáyè pa iná. Orí irin já lu igi, gbì, ọ̀kan nínú àwọn igi náà là sí méjì. Kò-sáyè lóṣòó sílẹ̀.

"Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀."

Àǹtí Rọra mú ọ̀bẹ, ó lọ síbi rọ́bà ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé e.

Nílé, ìyá wọn bi wọ́n pé iṣẹ́ ńkọ́. Àbúrò ní a dúpẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kó abọ́ lọ fọ̀. Àǹtí Rọra dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń wọnú omi tí wọ́n ń jáde. Ìyá wọn ní kó wá jókòó. Kò jókòó.

"Má lọ lọ́la," ó sọ fún àbúrò.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo fẹ́ lọ pààrọ̀ bíréèkì yẹn."

Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí."